Ìsàlẹ̀ Ìgò Wáìnì

Àwẹ̀ró, ṣé o ti bi ọkọ rẹ léèrè?

Má dá mi lóhùn ná. Gbé ọmọ yẹn fún mi, jókòó, máa bá mi ṣa ẹ̀wà yìí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọkàn máa rìn kiri.

Ọkùnrin kan wà tó ń dáná fún fadá. Nígbà tí fadá ń padà sílùú rẹ̀, ó fún un ní ìgò wáìnì pupa kan. Ó ní kó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ níbi tó tutù, kó má tètè ṣí i, pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa dára sí i. Alásè tẹ́ ìgò náà sábẹ́ ibùsùn, ó fi àpò bò ó. Ó ní ọjọ́ tí àbúrò òun bá tún jẹun nílé òun lòun máa ṣí i.

Àbúrò yìí ti bínú. Ìyá wọn kú nígbà tó wà lókè Ọya, ẹ̀gbọ́n ò sì dúró dè é kó tó sin ín. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ, wọn kì í mu nílé ara wọn. Àwọn ọmọ àbúrò ń dàgbà, wọn ò mọ ojú ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Obìnrin kan tó jẹ́ àbúrò bàbá tó bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí, ìyá tó ti darúgbó, ló ń lọ, ló ń bọ̀ láàárín wọn títí àbúrò fi gbà láti wá jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n ò se àsè. Ó ní oúnjẹ ilé lòun fẹ́ kí àbúrò òun jẹ, kó má dà bí àlejò. Iṣu ló sè, ó dín àlùbọ́sà sínú epo, ó já ẹja gbígbẹ sí i. Ó ṣí wáìnì. O mọ̀ pé ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ó da díẹ̀ sínú ife tirẹ̀, ó mu ún. Ó da díẹ̀ fún ìyá àgbà náà, tó tẹ̀ lé àbúrò wá. Wáìnì náà mọ́ gaara, ó pọ́n bí omi ìṣápá. Nígbà tí ìyá àgbà tọ́ ọ wò, ó kọ́kọ́ di ahọ́n rẹ̀ mú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Lẹ́yìn tó gbé e mì ni adùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, bíi ti àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa.

"Ó le lẹ́nu, ó rọ̀ nínú," ni ìyá àgbà wí. "Ìwà ẹ̀gbọ́n mi tó bí yín gan-an nìyí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n gbé ìgò, ó dojú rẹ̀ kọ ife àbúrò, ó sì gbọ̀n ọ́n títí èyí tó ń kán fi tán. Kò fẹ́ kó ṣẹ́ kù fún ẹlòmíì. Ife àbúrò kún dẹ́nu.

Àbúrò wo inú ife. Nǹkan dúdú ń léfòó nínú rẹ̀, bí èédú tí wọ́n rún. Ó wo ife ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mọ́. Ó wo ti ìyá àgbà, ó mọ́. Tirẹ̀ nìkan ló dúdú. Ó fi ẹnu kàn án, ó korò dé ọ̀fun.

Ẹ̀gbọ́n ń wò ó lójú. Ó béèrè bóyá ó dùn.

"Ó dùn, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí.

Gbólóhùn kan ló yẹ kó sọ. Kí ni dúdú inú ife mi yìí? Ọmọdé á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ yọjú sẹ́yìn ilé, ó gbé ife dání, ó da wáìnì sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí ife òfìfo, omi lé sí i lójú fún ayọ̀.

Lójú ọ̀nà, inú àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Iṣu ni o, iṣu àti ìbẹ̀rù. Ó sáré wọlé, ó ní kí ìyàwó òun gbé epo pupa wá, nítorí epo ni wọ́n ní kéèyàn máa mu sí májèlé. Ó mu odidi ife kan. Ta ni yóò mu epo tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní bì? Ó bì, ó bì, ó wó lulẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bí kì í bá ṣe májèlé, kí lẹ wá ń bì?"

Ìyàwó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Kó tó di ọjọ́ ọjà, ìlú ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n fún àbúrò ní májèlé jẹ. Iṣẹ́ alásè sì ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe, Àwẹ̀ró. Ta ló tún fẹ́ jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀? Àwọn tó ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ránṣẹ́ pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó wá ń se iṣu fún ara rẹ̀ nìkan.

Ìyá àgbà gbọ́. Ó mú ìgò náà, ó lọ bá àbúrò nílé. Ohun dúdú ṣì lẹ̀ mọ́ inú ìgò. Ó bomi sí i, ó mì ín, ó gbé e mu lójú àbúrò.

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ni," ó wí. "Ọtí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ a máa ní in. Ìsàlẹ̀ ìgò ló máa ń wà; ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ da èyí tó kù níbẹ̀ fún, ló fi bá a wá."

Ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Nǹkan kan ò ṣe ìyá àgbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé e dìde. Ó fún un ní àga, ó béèrè àwọn ọmọ. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi mú. Kò fún un lóúnjẹ. Kò fún un lómi. Ìbínú ti tán nínú rẹ̀, ẹ̀rù ló kù. Bí àbúrò bá mu omi ilé òun lónìí, tí orí fọ́ ọ lọ́la ńkọ́?

Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, wọ́n ṣì ń jiyàn nílùú wọn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn kan ní fadá ni, kò sọ̀rọ̀ tán. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n ni, kò yẹ kó da ìsàlẹ̀ ìgò fún èèyàn. Àwọn mìíràn ní ìyàwó ni, ẹnu rẹ̀ ò ní ìlẹ̀kùn. Èmi ní tèmi, ẹni tó rí dúdú nínú ife tó ní ó dùn ni.

Gèlè lo rí nínú mọ́tò ọkọ rẹ. Ó lè jẹ́ ti obìnrin kan lóòótọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, padà wá, yàrá rẹ wà níbẹ̀, èmi ìyá ìyá rẹ fúnra mi ni màá lọ kó ẹrù rẹ. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí ọkọ rẹ kàn fi mọ́tò gbé dé ibì kan. Èmi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. O ti sọ fún ìyá rẹ, o ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tó wá ra epo lọ́wọ́ mi lánàá ti ń ṣépè fún ọkọ rẹ. Ọkọ rẹ nìkan ni kò tíì gbọ́. Ó pè ọ́ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, létí mi báyìí, ó ní kí ló dé. O ní kò sí nǹkan.

Bí ilé yẹn bá tú lórí gèlè tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, mi ò ní wá ẹlẹ́bi lọ jìnnà. Ìwọ ni, Àwẹ̀ró.