Amọ̀ Tó Gba Odò Kọjá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, ó di etí odò. Ó bọ́ sórí Ẹtu, ó bọ́ sórí Ìkookò, ó bọ́ sórí amọ̀ tútù.

Ní ayé àtijọ́, odò ńlá kan ya ìlú méjì sọ́tọ̀. Erin jọba ní Igbó. Ẹfọ̀n jọba ní Ọ̀dàn. Ẹtu opó ń gbé ní Igbó pẹ̀lú Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró lọ pọnmi, Ìkookò sì gbé e. Ó ní òun rí i he ni, ó ti di ọmọ òun. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ bí? Ṣé ìgbín ni ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fi ń he é?

Ẹtu fẹjọ́ sun Erin. Ní Igbó, ẹni tó bá wá rojọ́ gbọ́dọ̀ tẹ amọ̀ tútù. Bó bá dé, á tẹ̀ ẹ́. Bó bá rojọ́ tán, á tẹ̀ ẹ́. Bó bá gbọ́ ìdájọ́, á tẹ̀ ẹ́. Wọn á wá fi iná sun amọ̀ náà kó le. Ẹtu rọra tẹ tirẹ̀. Ìkookò tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kí gbogbo ìlú lè rí bí òun ṣe wúwo tó.

Erin ní, "Ìkookò, o jẹ̀bi. Dá ọmọ padà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Ìkookò fi gbé ọmọ sá gba odò kọjá. Ó dé Ọ̀dàn, ó nasẹ̀. Ó ní ẹnu Erin kò dé ibẹ̀.

Ẹtu sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Erin ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, n kò láṣẹ lódìkejì odò. Gbé amọ̀ tí Ìkookò tẹ̀ yìí tọ Ẹfọ̀n lọ."

Ẹtu gbé amọ̀ rù, ó wọ odò. Omi mù ún dé orúnkún. Omi mù ún dé àyà. Omi mù ún dé ọrùn. Ẹ̀rù bà á gan-an, ṣùgbọ́n kò sọ amọ̀ náà nù. Ó dé ẹnu ọ̀nà Ẹfọ̀n, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹfọ̀n, ọba Ọ̀dàn,
— Amọ̀ ò gbàgbé.
Ìkookò gbọ́mọ mi lọ,
— Amọ̀ ò gbàgbé.
Ẹjọ́ ti tán nílé,
— Amọ̀ ò gbàgbé.
Mo wá mú Àwẹ̀ró lọ,
— Amọ̀ ò gbàgbé.

Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pe Ìkookò. Alágbára wa fi ewé di ẹsẹ̀, ó ń tiro. Ó ní ẹ̀gún gún òun. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ tún ẹjọ́ náà dá látìbẹ̀rẹ̀."

Ẹfọ̀n ní, "N kò ní tún un dá. Erin ti dá a. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó dá a bó ṣe yẹ ni. Ṣé wọ́n pè ọ́?"

"Wọn ò pè mí."

"Tú ewé yẹn. Tẹ amọ̀ yìí." Ẹsẹ̀ bá ojú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ mu wẹ́kú.

"Ṣé wọ́n jẹ́ kí o rojọ́?"

"Wọn ò jẹ́ kí n lanu."

"Tẹ̀ ẹ́." Ẹsẹ̀ bá ojú kejì mu wẹ́kú.

"Ṣé o gbọ́ ìdájọ́?"

Ìkookò gbé ẹsẹ̀ sójú kẹta fúnra rẹ̀, gbogbo ààfin sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀yà, ìjòyè Ẹfọ̀n, ní, "Kábíyèsí, kí ló kàn wá nínú ẹjọ́ ará Igbó?"

Ẹfọ̀n ní, "Bí wọ́n bá gbé ọmọ tìrẹ sá lọ sí Igbó lọ́la, ṣé o ò ní fẹ́ kí Erin gba ìdájọ́ mi?"

Wọ́n mú Àwẹ̀ró jáde láti ibi tí Ìkookò fi í pamọ́ sí. Ó sáré, ó so mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Inú Ẹtu dùn débi pé ó tún bú sẹ́kún.

Ẹfọ̀n ní, "Ìkookò, ìwọ tó wúwo báyìí, odò kò lè gbé ọ. Pọ̀n wọ́n délé."

Bí Ìkookò ṣe pọn ìyá, tó pọn ọmọ nìyẹn. Ará Ọ̀dàn ń dá orin, ará Igbó ń gbè é láti òdìkejì. Láti etí odò títí dé ilé Ẹtu, ẹsẹ̀ Ìkookò tẹ ẹrẹ̀ kanlẹ̀, gbogbo ìlú sì rí bó ṣe wúwo tó.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí a má ṣe fi ìlú wa ṣe ibi ìsápamọ́ fún ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi bó ṣe yẹ níbòmíràn. Ibi tí ààlọ́ mi ti gòkè odò nìyí.