Ìdí tí Omi Kì í Fi í Dúró Lórí Ewé Kókò

Nígbà láéláé, ewé kókò máa ń gba omi dúró bí abọ́. Bí ẹ bá da omi sí i láàárọ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ má wò mí báyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìyá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Awẹ̀ró. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń mọlé, ẹ̀yìnkùlé ló ti wa amọ̀. Ilé parí, ihò kù. Òjò rọ̀ sínú ihò náà, ó di Adágún. Nígbà tó yá, ọkọ kú, àwọn ọmọ sì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó wá ku Awẹ̀ró nínú ilé, ó ku Adágún lẹ́yìnkùlé.

Adágún ò ní ẹnìkan. Koríko kan ṣoṣo ò sí létí rẹ̀. Oòrùn á yọ lé e lórí, oòrùn á wọ̀, kò ní rí ẹni tó máa kí i pé ó kú ọjọ́. Ó dùn ún gan-an.

Ọmọlúàbí sì ni. Ewéko ṣì ń rìn kiri bí èèyàn nígbà náà, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló máa ń pè: "Ẹ wá bá mi mu omi o!"

Ọmọlúàbí ni àwọn náà. Gbúre á dáhùn pé, "Á gba ibi ire o." Ìrèké náà á ní, "Á gba ibi ire." Wọn á sì bá tiwọn lọ. Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé náà nìyẹn? Bí ẹni tó ń jẹun bá pè wá, a máa ń dúpẹ́ ni, a kì í jókòó tì í. Àṣé ẹlòmíì wà tó ń fi tọkàntọkàn pè.

Lọ́jọ́ kan, Kókò ń kọjá lọ. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, kò mọ àṣà ibẹ̀. Adágún pè é. Kókò ní, "O ṣé o," ó bá jókòó.

Háà! Inú Adágún dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àkúnya. Kókò na ewé rẹ̀, ó bu omi, ó mu. Nígbà tí Gbúre àti Ìrèké rí i pé ẹnìkan ti jókòó, àwọn náà yà. Awẹ̀ró gbìn wọ́n yí omi ká, Gbúre níwájú, Ìrèké lẹ́yìn. Ẹ̀yìnkùlé gbogbo wá tutù yọ̀yọ̀, ìyá àgbà sì ń rí ẹ̀fọ́ sè.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Gbúre àti Ìrèké mu ìwọ̀nba, wọ́n ní àwọn ti yó. Kókò bi Adágún pé, "Ṣé kí n tún bù?"

"Bù ú, omi pọ̀."

Irọ́ ló ń pa. Omi ò pọ̀ mọ́.

Ìrèké rọra bi í pé, "Adágún, o ò ní sọ̀rọ̀? Àbí o fẹ́ kú ni?"

"Bí mo bá ní kó má bù mọ́, á dìde," ni Adágún dáhùn. "Bó bá dìde, ta ni màá tún máa bá sọ̀rọ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Awẹ̀ró gbé igbá wá pọnmi, ẹrẹ̀ ló bá.

"Yéè! Kókò, kí lo ṣe yìí? Wọ́n ní kó o wá mu, wọn ò ní kó o mu ún gbẹ! Ṣé àlejò kì í ṣẹ́ díẹ̀ kù ni?"

Kókò bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ má bínú. Mo bi í, ó ní omi pọ̀. Mo rò pé bí mo bá kọ̀, á ní mi ò fẹ́ràn òun."

Adágún sọ̀rọ̀ látinú ẹrẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Má lọ o."

"Mi ò ní lọ," ni Kókò wí. "Ṣùgbọ́n ewé mi ò tún ní bu omi rẹ mọ́ láéláé. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òrí pa á."

Awẹ̀ró mú òrí tó fi ń pa orúnkún wá, ó fi pa gbogbo ewé Kókò títí ó fi ń yọ̀.

Òjò rọ̀, Adágún kún. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Kókò, wá bá mi mu omi." Ó ta omi sí ewé Kókò. Omi yí gbirigbiri, ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún ta á, ó tún bọ́.

Láti ọjọ́ náà ni omi kò ti dúró lórí ewé kókò mọ́. Etí omi ni Kókò ń gbé, kò lọ síbì kankan. Gbòǹgbò ló fi ń mu díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí Adágún ò ti ní rí i, kó má bàa tún ní kó bù sí i. Wọ́n jọ ń gbé títí dòní, ṣùgbọ́n Adágún rò pé òun nìkan ló ń mu omi náà.