Ewúrẹ́ Tó Wà ní Ìparí Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà ní ìlú ńlá kan. Ìlú náà ní ọ̀nà kan tí mọ́tò kì í gbà. Ojú irin àtijọ́ ni. Nígbà tí rélùweè kú níbẹ̀, ìjọba hú irin kúrò, wọ́n da kọnkéré sí i, wọ́n ní kí ará ìlú máa fi ṣe fàájì. Ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà á, oníkẹ̀kẹ́ ń gbà á, àwọn tó ń ti aláìsàn lórí àga onítáyà náà ń gbà á. Wọ́n gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ ohun tí ènìyàn lè rí síbẹ̀: àpáta tí àwọn ọ̀bọ ń ṣeré lórí rẹ̀, igi tí àdán so mọ́ bí èso, afárá onírin lórí odò, àti ní ìparí, ilé tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró nígbà kan.

Ọkùnrin náà ní ìyàwó. Orúnkún ń dun obìnrin náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó bá ọkọ rẹ̀ dé ibi àpáta, ó sì bá a dé ìdí igi. Á rìn díẹ̀, á sinmi díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yóò ti dé ọ̀hún, yóò máa pòṣé dè é.

Ibi tó wà ní ìparí ọ̀nà gan-an ni obìnrin náà ń fẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń ju àsíá fún ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá náà kú. Iná jó ilé wọn lẹ́yìn náà, kò ṣẹ́ku fọ́tò kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Bọ́láńlé, ojú bàbá mi ti ń parẹ́ mọ́ mi lọ́kàn. Wọ́n ní àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà wà lára ògiri níbẹ̀. Ẹ bá mi lọ wò ó wá. Bí ẹ bá bá a, màá rọra rìn ín, bó gba ọjọ́ kan gbáko."

Ọkùnrin náà háyà kẹ̀kẹ́, ó lọ. Nígbà tó dé afárá, oòrùn mú. Àwọn kan ń ta ayò lábẹ́ ìbòòji. Ọ̀kan nínú wọn pè é.

"Bàbá oníkẹ̀kẹ́, èémí yín ti fẹ́ tán o! Níbo lẹ ń sáré lọ?"

"Ilé ọkọ̀ ojú irin."

"Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Ewúrẹ́ ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí. Àbí ẹ fẹ́ lọ já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ewúrẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó mu ohun tútù, ó bá wọn ta ayò. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ padà sílé.

"Ṣé ẹ dé ibẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀. Ahoro ni. Ewúrẹ́ ló kún ibẹ̀, kò sí àwòrán kankan."

Obìnrin náà ní, "Ẹ kú wàhálà." Ó fi ọ̀pá gbéra, ó lọ bu omi wá kí ọkọ rẹ̀ fi fọ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò débẹ̀. Ọkùnrin náà sì ti ẹsẹ̀ náà bọ omi.

Obìnrin náà kò dárúkọ ibẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó kú. Níbi ìsìnkú, àwọn ènìyàn ń pe ọkùnrin náà ní ọkọ rere. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, àna rẹ̀ kan wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ní òun fẹ́ rin ọ̀nà fàájì náà dópin. Ọkùnrin náà kò rí ọgbọ́n tí yóò fi kọ̀. Wọ́n kọjá àpáta, wọ́n kọjá igi, wọ́n kọjá afárá. Láti ibi tí wọ́n ti ń ta ayò dé ilé ọkọ̀ ojú irin, ènìyàn kò lè jẹ àgbàdo sísun kan tán kó tó débẹ̀.

Ewúrẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti kun ilé náà lọ́dà. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ṣí i, àti pé láti ìgbà náà ni àga onítáyà ti wà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Lára ògiri, òṣìṣẹ́ mẹ́fà dúró níwájú ọkọ̀ ojú irin, orúkọ wọn wà nísàlẹ̀. Ẹnì karùn-ún ni Láníyọnu, ẹni tó ń ju àsíá. Ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lé èjìká. Àwọn yòókù ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò. Ọmọ náà kò wò ó. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Má káàánú ọkùnrin náà. Mo rí i pé ojú rẹ ti ń rọ̀. Má ṣe é. Àìsàn kò dí i lọ́nà, òjò kò dí i lọ́nà. Ayò ni. Ó gbé àwàdà ọ̀lẹ relé, ó fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òun kò tilẹ̀ ní ìròyìn.

Ìwọ ni mò ń bá wí. Mo gbọ́ lánàá nígbà tí ìyàwó rẹ ní kí o mú òun dé ọ̀nà kan. O kò gbójú sókè. O ní, "Kí ló wà níbẹ̀?" Ta ló sọ fún ọ pé kò sí nǹkan? Dìde lórí àga yẹn. Ìyàwó rẹ wà láàyè. Mú un lọ lónìí. Má rìn níwájú rẹ̀, má sì pòṣé. Bó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ ló wà ní ìparí ọ̀nà lóòótọ́, jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ewúrẹ́.