Ọmọ Yímíyímí Tí Kò Rí Ẹni Sọ Ọ́ Lórúkọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Irú ìdáhùn wo nìyẹn? Ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Ẹ jẹ́ kí n tún un pè. Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn dáa. Ààlọ́ mi dá lórí Yímíyímí tó ń gbá ìlú. Ìbídùn, mo rí ọ. Kí ló dé tó o fi ń dí imú? Yímíyímí kò sí níbí, àlọ́ là ń pa.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Yímíyímí ló ń gbá gbogbo òpópónà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ẹ ó ti máa gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀, ṣáà, ṣáà, ṣáà. Tó bá gbá ìta tán, á wọ àgbàlá wọn, á kó eérú, á da omi ìdọ̀tí nù, á bá wọn fọ ìkòkò tó jóná. Nígbà tí àwọn ará ìlú bá fi máa jí, gbogbo ibi ti mọ́ tónítóní. Wọ́n á nara, wọ́n á ní ìlú àwọn mà mọ́ o, àfi bí ẹni pé ìlú fúnra rẹ̀ ló wẹ̀.

Wọn kì í kí Yímíyímí kú iṣẹ́. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀, "ìwọ yìí" ni wọ́n ń pè é. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, igbá tí etí rẹ̀ ti kán ni wọ́n fi ń bu omi fún un. Kò sí ilé tí kò ní irú igbá bẹ́ẹ̀. Abẹ́ òrùlé níta ni wọ́n ń há a sí, kí ó má baà kan igbá tí àwọn fi ń mu tiwọn. Ẹni tó sì máa ń dí imú jù lọ tí Yímíyímí bá ń kọjá ni Òbúkọ. Òbúkọ o! Ẹ̀yin náà ẹ mọ Òbúkọ, ẹ mọ bó ṣe ń rùn. Òun gan-an ni imú rẹ̀ kò gba òórùn.

Ó ṣe, Yímíyímí bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà dúdú, ó ń dán, inú ìyá rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n ìlú yẹn ní àṣà kan. Ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ rí oòrùn, ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta, títí wọn yóò fi sọ ọmọ náà lórúkọ. Ará ilé kò sì lè dá ọmọ tiwọn sọ lórúkọ. Àfi kí aládùúgbò wọlé wá, kí ó mu nínú omi tí ìyá ọmọ bá gbé kalẹ̀, kí ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, kí ó wá pe orúkọ. Àwọn bàbá ńlá wọn ló fi lélẹ̀, kò sí ẹni tó ń ré e kọjá.

Lọ́jọ́ ìkómọ, Yímíyímí se èkuru, ó yan ẹja, ó gbé omi tútù sílẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pe gbogbo ìlú. Òbúkọ ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àkùkọ ní òun ń retí àlejò. Erin tó jẹ́ ọba wọn kò tilẹ̀ fèsì. Ayaba ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ mi o, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀! Èkuru tutù, ẹja gbẹ, ẹnì kankan kò yọjú. Yímíyímí gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́sẹ̀, ó sunkún. Ó ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹnu ọ̀nà tí n kò mọ̀ nínú ìlú yìí. Kò sí ẹni tó mọ tèmi."

Láti ọjọ́ tó ti bímọ ni ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ṣáà, ṣáà, ṣáà mọ́. Yímíyímí wà nínú ilé, àṣà ìlú ló dè é mọ́bẹ̀. Èèpo iṣu ń gorí ara wọn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gorí ara wọn, eérú kún àgbàlá, eṣinṣin dé, wọ́n ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn.

Òbúkọ ló kọ́kọ́ lọ. Ó dúró lókèèrè, ó dí imú, ó ní kí Yímíyímí jáde wá gbálẹ̀ kíákíá, ta ló ní kí ó máa jókòó sílé. Yímíyímí fi orin dá a lóhùn láti inú ilé. Ègbè tiyín ni "Ṣáàṣáà mi ṣáà." Ẹ gbè é kó dùn o:

Ta ló dúró síta ilé mi o?
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*
Ọwọ́ ń yún mi, mo fẹ́ gbálẹ̀ o,
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*
Ọmọ mi ò tíì lórúkọ o,
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*
Wọlé wá bá mi sọ ọ́ lórúkọ,
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*
Kí n pọ̀n ọ́n, kí n jáde o,
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*

Òbúkọ ní kí òun wọ ilé yẹn kẹ̀? Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìdọ̀tí ga dé orúnkún. Àkùkọ náà lọ. Òun rò pé òun gbọ́n. Ó fò sórí ògiri, ó ní òun kò ní wọlé, òun á ju orúkọ náà sí ọmọ láti ibẹ̀. Ó lu ìyẹ́ rẹ̀, pà, pà, pà, ó pariwo orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé òkò ni orúkọ ni, tí à ń jù ú? Yímíyímí tún gbé orin rẹ̀:

Ta ló dúró sórí ògiri mi o?
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*
Wọlé wá bá mi sọ ọ́ lórúkọ,
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*

Inú bí Àkùkọ. Ó ní kí ló le nínú ilẹ̀ gbígbá, òun fúnra òun á gbá a. Ó lọ sójú ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ wàrà, wàrà, wàrà. Ẹ mọ iṣẹ́ Àkùkọ. Ìdọ̀tí tó wà lójú kan tẹ́lẹ̀, ó tú u ká gbogbo ìlú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Erin jáde láàfin, ó fẹsẹ̀ lé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó yọ̀, ó yọ̀, ó yọ̀, gbìì! Ilẹ̀ mì. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ó béèrè ibi tí Yímíyímí wà. Wọ́n ní ó ń bẹ nílé, kò tíì rí ẹni bá a sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ojú ti Erin, torí wọ́n pe òun náà, òun kò sì lọ. Ó gba ọ̀nà ilé Yímíyímí, gbogbo ìlú tẹ̀ lé e.

Ta ló dúró síta ilé mi o?
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*
Wọlé wá bá mi sọ ọ́ lórúkọ,
*Ṣáàṣáà mi ṣáà.*

Ẹnu ọ̀nà ilé yẹn kéré. Ọba kúnlẹ̀, ó fi orúnkún wọ́ wọlé. Ẹ má bi mí bí Erin ṣe gba ibẹ̀. Ẹ ti gbà pé Àkùkọ fẹ́ ju orúkọ, ẹ yáa gba èyí náà.

Yímíyímí kí ọba tayọ̀tayọ̀, ó gbé omi kalẹ̀. Igbá tí etí rẹ̀ ti kán ni. Erin wo igbá, ó wo Yímíyímí, ó bi í bóyá kò ní igbá tó sàn ju èyí lọ.

Yímíyímí ní, "Kábíyèsí, igbá yín ni. Òun ni wọ́n fi ń bu omi fún mi láàfin. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ sílé, àwọn ò fẹ́ rí i lójú mọ́. Irú rẹ̀ náà ni gbogbo igbá tó kù nínú ilé yìí."

Kò sọ ọ́ tìjàtìjà o. Wọ́n bi í ni, ó sì dáhùn. Àwọn ará ìlú ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Erin gbé igbá sẹ́nu, ó mu omi náà. Etí igbá gé e létè.

Ó ní, "Ó ń gé ni. Ṣé ojoojúmọ́ lo fi ń mu?"

"Ojoojúmọ́ ni, Kábíyèsí."

Erin fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìlúpéjú ni mo sọ ọmọ yìí. Mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ di irọ́. Gbogbo yín, ẹ wọlé wá mu."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọlé níkọ̀ọ̀kan. Òbúkọ mu, igbá gé e létè, kò rántí dí imú. Àkùkọ mu, kò rí orúkọ jù. Ayaba fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá náà, ó mu ún, ó kúnlẹ̀ fún Yímíyímí, ó ní kí ó dákun má bínú. Yímíyímí ní òun kò bínú, kí wọ́n ṣáà jẹ èkuru. Wọ́n gbé èkuru mìíràn kaná, wọ́n jẹ, wọ́n jó, Erin náà jó, ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbọ́ ọ, ṣáà, ṣáà, ṣáà. Yímíyímí ti gbé Ìlúpéjú pọ̀n. Ohun tó kọ́kọ́ gbá lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ni àfọ́kù igbá, torí olúkúlùkù ti fọ́ igbá abẹ́ òrùlé tirẹ̀. Ibi tó bá sì dé, wọ́n ń yọrí síta, wọ́n ń kí i pé, "Ìyá Ìlúpéjú, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ibi tí mo bá àlọ́ náà dé nìyẹn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le. Ẹni tó ń bá wa tún ibi tí à ń gbé ṣe, ènìyàn bíi tiwa ni. Ẹ kí i, ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ohun tí ẹ̀yin kò lè fi mu omi, ẹ má fi bu omi fún un.

Gbogbo yín ń mi orí. Ó dáa. Ìbídùn, dìde. Ife kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tí etí rẹ̀ ti bó, tí ẹ fi ń bu omi fún Ìyá Ṣìjúwadé tó ń bá wa fọṣọ. Lọ gbé e wá, kí o bu omi kún un. Èmi ni n ó kọ́kọ́ mu, ẹ̀yin náà ẹ ó sì mu ún yí ká.