Kílọ́ọ̀ṣì Tó Ń Ṣàìsàn Láàárọ̀

"Àrùn àárọ̀, àárọ̀ là á wò ó." Ẹnu àgbà lẹ ti máa ń gbọ́ ọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé dókítà ló dá a sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Kò kan dókítà rárá. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ti wá, lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Mẹkáníìkì kan wà ní Òkè-Àgbẹ̀dẹ, lápá Òkè-Ògùn, Kìlání lorúkọ rẹ̀. Ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn. Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú kíkankíkan, Tíṣà Oyèwùsì ránṣẹ́ pè é: bí òun bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ òun, irin tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ká tó yí gíá, láàárọ̀, ńṣe ló ń rì sílẹ̀ tí kì í dìde mọ́. Kìlání ní kò burú. Ó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ná, ó débẹ̀ lọ́sàn-án, ó tẹ̀ ẹ́. Ó rì, ó dìde. Ó wa ọkọ̀ náà yí ìlú ká, kò rí nǹkan kan.

"Tíṣà, ẹsẹ̀ yín ló wúwo," ó wí, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wá ń fi Kìlání ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dùn ún wọ eegun. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó kó sípánà dé, ó ní òun máa sọ gíá kalẹ̀, bó bá máa gba ọjọ́ mẹ́ta, kó gbà á.

Tíṣà figbe ta. Funfun ti bo ojú ìyá rẹ̀ méjèèjì. Àwọn dókítà ojú tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò sì dé ìlú kejì lọ́la. Ẹni tí kò bá débẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọkọ̀ èrò kì í sì í kún kí oòrùn tó yọ.

Ìyá Tíṣà gbọ́ ariwo wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Kìlání, ìgbà wo ni nǹkan yìí ń ṣe ọkọ̀?"

"Àárọ̀ ni wọ́n ní, Màmá."

"Ìgbà wo lo wá ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

 Ojú ti Kìlání, ó kó sípánà rẹ̀ padà sápò.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti débẹ̀. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó rì, kò dìde. Kìlání fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Nǹkan funfun kan ti dì gbagidi mọ́ ibi tí irin tí à ń tẹ̀ ti ń yí. Ó fi ìka ha á, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òrí! Ta ló fi òrí pa kílọ́ọ̀ṣì?"



"Èmi ni," ni ìyá wí. "Ó ń ké hin-ìn hin-ìn bí ọmọ tí imú dí. Ṣebí òrí là ń fi pa imú ọmọ?"

Kìlání rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òrí ń dì nínú ọyẹ́ àárọ̀. Bí oòrùn bá ti mú, á yọ́, ara ọkọ̀ á yá. Kò kan gíá rárá. Ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó kán ọ́ìlì sí i, ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, ó ń dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Tíṣà àti ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ìyá ló ṣe ìkẹyìn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì iṣẹ́ abẹ kúrò lójú rẹ̀, Kìlání lọ kí i.

"Ṣé ìwọ nìyí?" ni ìyá wí, ó ń wò ó látòkèdélẹ̀. "Áà! Mo ti rò pé o ga jù báyìí lọ."

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Nígbà tí ènìyàn bá lọ yẹ ọ̀rọ̀ wò ní àsìkò tí àléébù rẹ̀ kì í hàn, tó wá ń búra pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ni àwọn àgbà máa ń pa á. Bí aya bá ní ọkọ òun ń lu òun lálẹ́, tí ẹbí lọ kí ọkọ lọ́sàn-án, tí wọ́n bá a níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì padà wá pe obìnrin náà ní òpùrọ́, wọn kò tíì yẹ nǹkan kan wò. Àrùn àárọ̀, àárọ̀ là á wò ó.