Èèpo Ẹ̀pà Ẹnu Ọ̀nà Ẹtu

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ tèmi gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó yà sílé Ẹtu. Àdùbí, rọra máa pa ẹ̀pà yẹn, kó o lè gbọ́ mi.

Ẹtu gbin ẹ̀pà sẹ́yìnkùlé, ó sì fẹ́ káyé mọ̀ pé ilé òun kún. Gbogbo èèpo ẹ̀pà tó bá jẹ, ẹnu ọ̀nà ló ń dà á sí.

Kò pẹ́, Ikún dé. Ó ń hú ẹ̀pà jẹ, ó tún ń wọ yàrá.

Ẹtu fi ẹ̀gún sọgbà. Ikún gbẹ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹtu sun ata sẹ́nu ihò rẹ̀. Ikún gba ihò mìíràn jáde, ó ń sín. Lẹ́ẹ̀kẹta, agara dá Ẹtu, ó jókòó ti ihò, ó fi orin bi í. Ẹ̀yin lẹ ó ṣe Ikún:

Ikún, ta ló júwe ilé mi?
Èèpo ẹnu ọ̀nà ni.
Kí ló ń rán ọ létí ọ̀nà?
Èèpo ẹnu ọ̀nà ni.

Ojú ti Ẹtu. Ó gbá èèpo náà, ó sun ún.

Ni Ọ̀bọ àti Ìgalà, àwọn aládùúgbò rẹ̀, bá ń rẹ́rìn-ín: “Ebi ti wọlé Ẹtu o!” Ó dun Ẹtu wọra. Díẹ̀ ló kù kó da èèpo mìíràn síta. Àmọ́ ó ti ilẹ̀kùn, ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Ikún dé, ó fimú wá ọ̀nà títí, kò rí i. Ló bá rí èèpo lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó yà síbẹ̀.

Àdùbí, gbálẹ̀ ibi tó o jókòó sí.