Kẹ̀ǹbẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ògúnjìmí ni aránṣọ ọba ní ìlú Òkè-Òwú. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilé ìránṣọ rẹ̀ kò ṣé wọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ aṣọ kan lónìí, tí èyí tó wù ú jù ú lọ bá dé lọ́la, á gbé ti àná jù sí kọ̀rọ̀. Kì í sì í da àkísà nù, ìbáà ṣe èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ewúrẹ́ kan ti bímọ mẹ́ta sínú òkìtì náà rí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Lánihùn, ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ní àpótí aṣọ tuntun mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ló ń ṣí wọn sílẹ̀ kí èrò ọ̀nà lè rí wọn.

"Baba," ni ó máa ń wí, "ewúrẹ́ mi sọnù. Ẹ bá mi wò ó nínú àkísà yín."

"Wá wò ó fúnra rẹ," ni Ògúnjìmí á dáhùn. "Bí o bá pàdé ọgbọ́n níbẹ̀, mú díẹ̀ bọ̀."

Ọba wàjà, wọ́n sì yan òmíràn. Ní Òkè-Òwú, ọba tuntun kì í gun orí ìtẹ́ láìda aṣọ alábùlẹ̀ bora, èyí tí wọ́n fi ègé aṣọ agboolé mẹ́rìndínlógún rán. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ilà tirẹ̀, èyí tí kò bá sì rí ilà rẹ̀ lára ọba kò ní dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn afọbajẹ ní kí aránṣọ méjèèjì gbé tiwọn wá ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé ni yóò jẹ́ aránṣọ ọba.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò le. Wàhálà wà lọ́dọ̀ Ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí iná ti jó ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ahunṣọ wọn bá iná lọ, aṣọ wọn kò sì ku ẹyọ kan; èyí tó wà lára aṣọ ọba àná sì ti bá ọba wọlẹ̀. Lánihùn wádìí lẹ́nu àwọn aládùúgbò bí ilà náà ti rí, ó sì ní kí wọ́n hun tuntun. Ògúnjìmí ní tirẹ̀ jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Baba Olóyèdé," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "bí iṣẹ́ ọba yóò bá bọ́, ẹ jẹ́ ká kúkú gbá ilé yìí, ká lè ríbi jókòó sunkún."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí dàńṣíkí tí kò lọ́rùn. Wọ́n rí fìlà ọmọdé kan tí ẹni tó ni ín ti ní ọmọ-ọmọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìyàwó fa kẹ̀ǹbẹ̀ kan jáde.

"Ta ló ni ẹlẹ́sẹ̀ kan yìí?"

"Àjàgbé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni. Ó fẹ́ fi gbéyàwó kí iná tó jó ilé wọn. Mo rán ẹsẹ̀ kan, iṣẹ́ mìíràn dé. Ọkùnrin náà bú mi títí ó fi…" Ògúnjìmí wo ilà ara aṣọ náà. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi sún sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Lánihùn kọ́kọ́ tẹ́ tirẹ̀. Ó ń dán. Ìyá arúgbó kan, ọmọ ahunṣọ Ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó bá iná lọ, fọwọ́ tọ ilà náà.

"Ta ló júwe èyí fún ọ, ọmọ mi?"

"Àwọn aládùúgbò yín ni, Ìyá."

"Mo mọ̀. Ibi ìsìnkú wa ni wọ́n ti rí i. Òkú nìkan ni à ń hun pupa mọ́ funfun fún. O fẹ́ da aṣọ òkú bo ọba."

Àwọn ènìyàn kígbe, wọ́n sì yára ká aṣọ náà kúrò.

Ògúnjìmí tẹ́ tirẹ̀, tí ègé kẹ̀ǹbẹ̀ náà wà lára rẹ̀. Ìyá náà wò ó, ó tún un wò, omi sì lé sójú rẹ̀. "Ọwọ́ bàbá mi rèé," ni ó wí. Ó kúnlẹ̀. Gbogbo ọkùnrin Ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọba sì da aṣọ náà bora.

"Lánihùn," ni ọba pè, "ṣé aṣọ rẹ kò tó ti Ògúnjìmí ni?"

"Ó tó, Kábíyèsí. Ó tilẹ̀ jù ú lọ."

"Àkísà rẹ ńkọ́?"

Àwọn ará ìlú gbé Ògúnjìmí sí èjìká, wọ́n ń fi í yí ìlú ká, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń fi ṣorin, èyí tí àwọn àgbà kò tíì fi sílẹ̀ títí dòní: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.